Ǹjẹ́ Ìjàm̀bá Ayé Lè Pa Ìran Ènìyàn Rẹ́?

Nígbàkígbà tí ọdún Ìjọ bá ń parí lọ, tí a sì ti ka Ìhìnrere tí ó sọ nípa oòrùn tí yóò ṣókùnkùn àti ìràwọ̀ tí yóò já bọ́, ìbéèrè kan a máa gba ẹnu àwọn ará ìjọ lẹ́yìn Mísà: ṣé ìgbẹ̀yìn ayé kọ́ ni ó dé yìí? Ẹnìkan a gbọ́ nínú rédíò pé òkúta ńlá kan ń bọ̀ láti ojú sánmà; ẹlòmíràn a gbọ́ pé òkè kan ń yọ iná ní ilẹ̀ òkèèrè, yóò sì máa rò ó bóyá kò sí ìdí mọ́ tí òun fi ní láti gbin kòkó. Ọjọ́ Olúwa kò sí lábẹ́ ìṣirò ẹnikẹ́ni, èmi kò sì ní ṣírò rẹ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a lè fi làákàyè tí Ọlọ́run fi fún wa wádìí: báwo ni ó ti ṣeé ṣe tó kí ìjàm̀bá tí ó ti inú ilẹ̀ tàbí ojú ọ̀run wá pa ìran ènìyàn rẹ́, tàbí kí ó sọ ìlú àti ọ̀làjú wa di ahoro?

Kí á má tan ara wa jẹ: irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, kò sì jìnnà sí wa púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gánà, nítòsí ìlú Kumasi, adágún kan wà tí wọ́n ń pè ní Bosumtwi, tí ó rí rìbìtì bí àwo. Òkúta tí ó já láti ojú sánmà ni ó gbẹ́ ihò náà ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Láti etí ihò náà kan dé èkejì ju kìlómítà 10 lọ; ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ yóò rìn ju wákàtí méjì. Èyí tí ó bọ́ sí ilẹ̀ Mẹ́síkò ní mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn tóbi jù ú lọ jìnnàjìnnà. Òkúta náà fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó kìlómítà 10, eruku rẹ̀ bo oòrùn lójú, àwọn ẹranko ńláńlá ìgbà náà sì kú run.

Nítorí náà, kì í ṣe bóyá ó lè ṣẹlẹ̀ ni ó yẹ kí á máa bèèrè, bí kò ṣe bí àárín ìgbà kan sí èkejì ti jìnnà tó. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní ibòmíràn ń ṣọ́ àwọn òkúta wọ̀nyí lóru. Nínú àwọn tí fífẹ̀ wọn tó kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọ̀nà wọn súnmọ́ ọ̀nà ayé, wọ́n ti rí ju 90 nínú 100 lọ, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n rí tí a retí pé yóò kọlu ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ń bọ̀. Èyí tí ń jẹ́ Apophis, tí àwọn kan ti fi ń dẹ́rù ba ènìyàn, yóò kọjá ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2029, ní ìwọ̀n nǹkan bí 32,000 kìlómítà sí wa, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 wọ́n tilẹ̀ rán ọkọ̀ kan lọ kọlu òkúta kan tí ń jẹ́ Dimorphos, tí kò dojú kọ wá rárá, láti mọ̀ bóyá ọwọ́ ènìyàn lè yí ìrìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà. Ó sì yí i padà. (Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ìjọ Àgùdà kórìíra irú iṣẹ́ yìí: Vatican ní ilé ìwòràwọ̀ tirẹ̀, àwọn àlùfáà Jésúìtì ni wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.)

Ọ̀nà mìíràn wà tí a fi lè wo ọ̀rọ̀ náà, èyí tí ó wù mí jù nítorí kò gba ẹ̀rọ ìwòràwọ̀. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé afárá kan a máa wó lọ́dọọdún, tí ẹ sì mọ̀ pé àwọn bàbá ńlá yín ti ń gba orí rẹ̀ kọjá láti ìgbà láéláé, ẹ kò ní gbà á gbọ́. Ìran ènìyàn ti wà lórí ilẹ̀ fún ó kéré tán 200,000 ọdún. Ní Ìhò Eléérú, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀gbẹ́ni Thurstan Shaw wú egungun ènìyàn kan jáde ní ọdún 1965 tí ó ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ fún ohun tí ó ju 11,000 ọdún lọ. Òkè ti yọ iná, òtútù ti mú, ọ̀dá ti dá, ènìyàn kò tán. Láti inú èyí ni àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Oxford ti ṣírò ní ọdún 2019 pé ewu kí ìjàm̀bá àdáyébá pa gbogbo ènìyàn rẹ́ nínú ọdún kan kò lè tó ìdá kan nínú 14,000, ó sì ṣeé ṣe kí ó kéré ju ìdá kan nínú 87,000 lọ. Ẹ fi ojú inú wo àká kan tí a da 87,000 obì sí, tí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ní májèlé, tí a sì ní kí ọmọdé tí a dì lójú mú ẹyọ kan lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á ya ikú gbogbo ayé sọ́tọ̀ kúrò lára ìyà ayé. Nígbà tí òkè Tambora ní Indonéṣíà bú gbàmù ní oṣù Kẹrin ọdún 1815, eruku rẹ̀ dí oòrùn lọ́wọ́ débi pé ní ọdún 1816 ọkà kò gbó ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ebi sì pa ènìyàn púpọ̀. Àwọn tí ó ń yẹ yìnyín àtijọ́ wò sọ pé irú èyí lè tún ṣẹlẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, bóyá ìdá kan nínú mẹ́fà. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Kò ní pa ayé rẹ́, ṣùgbọ́n yóò mú kí ẹni tí kò ní oúnjẹ nínú àká sunkún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àjàkálẹ̀ àrùn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918 àrùn gágá bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin wọ inú ilẹ̀ wa lọ. Àwọn akọ̀tàn fojú dá a pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó pa ní Nàìjíríà nínú mílíọ̀nù 18 tí ó wà nígbà náà. Nínú ìpayà ọdún náà ni ẹgbẹ́ àdúrà kan hù ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó di gbòǹgbò fún àwọn Aládùúrà. Síbẹ̀ àwọn tí ó kù sin òkú wọn, wọ́n padà sí oko, wọ́n bí àwọn òbí wa.

Bí ẹ bá bi mí ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù, èmi yóò nawọ́ sí odò Ọ̀tìn tiwa yìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí ogun Ìbàdàn tú ogun àwọn Ìlọrin àti alábàáṣe wọn ká ní Ìkìrun, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sá lọ ni ó kú sínú omi náà, ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Kì í ṣe òkúta ojú sánmà ni ó ṣe é. Nínú ìwé tí Toby Ord tẹ̀ jáde ní ọdún 2020 lórí irú ewu wọ̀nyí, ó fojú dá ewu àdáyébá sí ìdá kan nínú 10,000 láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ó gbé ewu ohun tí ọwọ́ ènìyàn fúnra rẹ̀ ń ṣe ga jù ú lọ ní ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Ìfojúdá ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n. Síbẹ̀ mo rò pé òtítọ́ wà níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ìbẹ̀rù asán ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ní ìlú Oǹdó, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 77 jáde nínú ilé ìjọ kan, 26 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Wọ́n ní àwọn ń dúró de Olúwa, àwọn ọmọ kan sì ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní ọdún kan náà, nígbà tí àwọn wọ̀nyí ń wo òkè, omi kún káàkiri Nàìjíríà, ó pa ju ènìyàn 600 lọ. Ògùnpa ti kọ́ wa ní èyí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí òjò rọ̀ sórí odò tí a ti fi pàǹtí dí, tí a sì ti kọ́ ilé sí létí. Bí ilé yín bá wà ní ìpadò, yálà lápá ìdídò tí a kọ́ sí Ọ̀tìn ní Èkó-Èndé tàbí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà iwájú ilé yín kí òjò oṣù Kẹjọ tó dé, kí ẹ sì bá aládùúgbò tí ó ń da ilẹ̀ sínú odò sọ̀rọ̀ láìpẹ́.