Kí Ló Dé Tí Kò Fi Pariwo?

Bí ìròyìn ìfipábánilòpọ̀ bá ti dé àdúgbò, ìbéèrè kan ló máa ń ṣáájú: "Kí ló dé tí kò fi pariwo? Ṣé kò lọ́wọ́ tó lè fi jà ni?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé, nítorí inú ara ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ ewu. Amygdala ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bó bá ti fura pé ẹ̀mí fẹ́ bọ́, kì í dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ apá iwájú ọpọlọ tí a fi ń ronú. Ádírẹ́nálíìnì á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, agbára ìrònú á sì dín kù. Ara lè sá, ó lè jà, ó sì lè dì gbagidi. Kì í ṣe ẹni náà ló ń yan èyí tí ara rẹ̀ máa ṣe.

Ẹ wo adìyẹ. Bí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀, tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó máa kọ́kọ́ jà, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Bí a tilẹ̀ gbọ́wọ́ kúrò, ó ṣì lè wà bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Athanasius Kircher, àlùfáà ọmọ Jámánì, ti kọ nípa rẹ̀ láti ọdún 1646. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ènìyàn pẹ̀lú: ojú ń ríran, etí ń gbọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò ṣeé gbé, ohùn kò jáde. Lọ́dún 2017, Anna Möller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stockholm, lórílẹ̀-èdè Swídìn, tẹ ìwádìí jáde lórí obìnrin 298 tó wá gbàtọ́jú láàárín oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n fipá bá wọn lò pọ̀. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ara àwọn dì gan-an. Ìwádìí náà tún fi hàn pé àwọn tí ara wọn dì ni ìpayà ọkàn sábà máa ń bá jà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la wá ń bi léèrè ìdí tí kò fi pariwo!

Ìrántí pẹ̀lú máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lè rántí òórùn ẹ̀wù ọ̀daràn náà, kó má rántí aago tó lù. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọkùnrin, tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ dìde, ara ló ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ó fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, àkókò ṣe pàtàkì gidigidi. Bí kòkòrò HIV bá wọlé, kì í tàn ká gbogbo ara lójú ẹsẹ̀. Oògùn wà tó lè dènà rẹ̀ bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí wákàtí 72 tó pé, ọjọ́ 28 ni a ó sì fi lò ó. Oògùn tó ń dènà oyún wà títí di wákàtí 120, ṣùgbọ́n bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹni náà má tíì wẹ̀ kó tó lọ sílé ìwòsàn. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó aṣọ rẹ̀ sí, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rinrin inú ọ̀rá máa ń ba ẹ̀rí jẹ́. Bó bá ti wẹ̀ ńkọ́? Kó ṣì lọ.

Láti ọdún 2013 ni Mirabel Centre ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìkẹjà, nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH. Òfin VAPP ti ọdún 2015, tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, náà dáàbò bo tọkùnrin tobìnrin.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọlọ́pàá, bí ẹnikẹ́ni bá wá fi irú ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Mo gbà ọ́ gbọ́, ẹ̀bi rẹ kọ́." Lẹ́yìn náà, ẹ tètè mú un lọ sílé ìwòsàn.