Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Kí Ẹ Gun Òkè Yìnyín: Ọ̀rọ̀ Àṣírí fún Ìwọ àti Olówó Orí Rẹ

Àbúrò mi, sún mọ́ mi, kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí èmi àti olówó orí mi tó lọ wo òkè yìnyín ní Swítsàlandì. Ọ̀sán ọjọ́ tí a dé ìlú Zermatt gan-an la ti kó sínú ọkọ̀ orí wáyà. Kí a tó dé òkè téńté, orí ti ń fọ́ mi, èébì ń gbé mi, olówó orí mi sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀rín àfipárín ló wà nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà. Nígbà tí a padà lọ lọ́dún kejì tí a sì fara balẹ̀ ṣètò rẹ̀, ìgbà yẹn la tó gbádùn ara wa.

Gíga ibẹ̀ ló ṣe wá báyẹn. Zermatt ga ní nǹkan bíi mítà 1,600. Ibi tí ọkọ̀ ń gbé èèyàn lọ, Matterhorn Glacier Paradise, ga ní mítà 3,883, kò sì sí ibùdó ọkọ̀ orí wáyà mìíràn ní Yúróòpù tó ga tó o. Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, kò ju mítà 2,419 lọ. Ọ́síjìn tí èèyàn ń rí mí sínú lókè yẹn fi díẹ̀ lé ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún èyí tí à ń mí ní Èkó. Láàárín wákàtí kan ni ọkọ̀ ti gbé ọ débẹ̀, ara rẹ kò sì tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lo òru méjì ní Zermatt. Mọ́tò kì í wọ ìlú náà. Abúlé Täsch tó wà nítòsí ni ẹ ó gbé tiyín sí, ẹ ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin fún ìṣẹ́jú méjìlá. Ẹ máa rìn kiri jẹ́jẹ́, ẹ mu omi dáadáa, ẹ fi ọtí sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gòkè, ẹ dúró sinmi ní ibùdó Trockener Steg, tó ga ní mítà 2,939, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún jù nìyí: jẹ́nótáìpù. A máa ń bi ara wa kí a tó fẹ́ra; ẹ tún bi ara yín kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnì kan nínú yín bá jẹ́ SS tàbí SC, àìtó ọ́síjìn lè ru àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde sókè. Kó má lọ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ AS ni kì í rí wàhálà, àmọ́ bí ìrora líle bá mú un lábẹ́ egungun ìhà òsì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ wá dókítà. Aláboyún àti ẹni tó ní àrùn ọkàn náà, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Bí dókítà bá sì ní kẹ́ ẹ má lọ, má banú jẹ́. Láti àárín ìlú Zermatt lo ti lè máa wo Matterhorn, òkè arẹwà tó ga ní mítà 4,478, kí ẹ di ọwọ́ ara yín mú.

Ní ti ìwé àti owó: bó o tilẹ̀ ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó bá jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lo ní, wàá gba físà Schengen. Tètè bẹ̀rẹ̀. Káàdì Half Fare ti Swítsàlandì máa ń dín owó ọkọ̀ orí wáyà náà kù sí ìdajì. Má tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì òkè o. Fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, kí o máa wo àwòrán kámẹ́rà orí òkè lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, torí pé ìkùukùu lè bo gbogbo nǹkan, afẹ́fẹ́ líle sì lè dá ọkọ̀ dúró.

Wọ aṣọ lé aṣọ, ìbọ̀wọ́, àti bàtà tí kì í yọ̀. Kódà lóṣù Keje, òtútù ibẹ̀ lè mú kí omi dì. Má sọ pé adúláwọ̀ ni ọ́. Oòrùn tó ń ta lórí yìnyín máa ń jó awọ, ó sì ń ba ojú jẹ́. Fi ìpara oòrùn pa ojú, wọ awò dúdú, fi òrí pa ètè rẹ.

Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sókè láti Trockener Steg, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2018, ń gba èèyàn 28 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú wọn ní ilẹ̀ onígíláàsì, tí wàá fi rí jíjìn ìsàlẹ̀ lójijì. Bí olówó orí rẹ bá ń bẹ̀rù ibi gíga, sọ ọ̀rọ̀ gíláàsì náà fún wọn ṣáájú. Lókè, ẹ wọ ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú yìnyín, mítà 15 sísàlẹ̀, ẹ sì wo Mont Blanc lókèèrè. Àmọ́ ẹ má kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí, nítorí pé yìnyín lè bo kòtò jíjìn mọ́lẹ̀.

Ẹ jọ fẹnu kò kí ẹ tó gbéra: bí ẹnì kan bá ti ní "ó tó," àwọn méjèèjì á sọ̀ kalẹ̀, láìsí àríyànjiyàn, láìsí ìbínú. Àbúrò mi, lálẹ́ òní, kí ẹ tó máa wo owó ọkọ̀ òfuurufú, béèrè jẹ́nótáìpù olówó orí rẹ, kí o sì sọ tìrẹ.