Ẹ Ka Òmìnira Kí Ẹ Tó Tẹ Nọ́ńbà: Bí A Ṣe Ń Yára Ṣiṣẹ́ Lórí FreeCAD

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹni tó yára nídìí yíya àwòrán ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà ni ẹni tí ìka rẹ̀ ń sáré lórí kíbọ́ọ̀dù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ yí ìwọ̀n kan padà la máa ń mọ ẹni tó yára. Ẹnì kan á yí nọ́ńbà kan ṣoṣo, gbogbo àwòrán á tún ara rẹ̀ tò. Ẹlòmíì á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

FreeCAD ni màá fi ṣàlàyé, torí pé ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Linux àti Mac. Iṣẹ́ wa ò le: irin pẹlẹbẹ kan tó ní ihò 4 ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú èyí tí wọ́n fi ń de ẹ̀rọ kékeré mọ́ férémù.

1. Kí ni òmìnira?

Ẹ ya òbìrí kan. Ó lè lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì, ó lè lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ó sì lè tóbi tàbí kó kéré. Òmìnira 3 nìyẹn. Ìlà kan ní orí 2, orí kọ̀ọ̀kan sì lè rìn lọ́nà 2, torí náà òmìnira 4 ni tirẹ̀.

Ohun tí FreeCAD ń pè ní constraint, òfin ni màá pè é níbí. Gbogbo òfin tí ẹ bá ṣe ń dín òmìnira kù. FreeCAD á máa sọ iye tó kù fún yín. Tó bá di 0, àwòrán á di àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé ó ti dúró gbọnyin, kò sí ibi tó ń lọ mọ́.

2. Òfin ìbátan kọ́kọ́, nọ́ńbà lẹ́yìn

Ihò 4 wa ní òmìnira 12. Tí ẹ bá fẹ́ fi nọ́ńbà nìkan dè wọ́n, nọ́ńbà 12 lẹ máa tẹ̀. Ẹ wo ọ̀nà mìíràn:

- Ẹ ya onígun mẹ́rin kan tó jẹ́ ìlà ìrànwọ́ lásán (construction). Irinṣẹ́ rẹ̀ ti so igun pọ̀, ó ti mú ìlà 2 dùbúlẹ̀, ó mú 2 nàró, torí náà òmìnira 4 péré ló kù fún un. Àpapọ̀ di 16.
- Ẹ so àárín ihò kọ̀ọ̀kan mọ́ igun kọ̀ọ̀kan. 8 lọ, ó ku 8.
- Ẹ ní kí ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. 3 lọ, ó ku 5.
- Ẹ fi igun 2 tó kọjú síra sí ìhà méjèèjì oríta tí ìlà X àti Y ti pàdé, kí oríta yẹn wà láàárín wọn gẹ́lẹ́. 2 lọ, ó ku 3.

Nọ́ńbà 3 péré ló kù tí ẹ máa tẹ̀: gígùn, ìbú, àti ìwọ̀n ẹnu ihò. Àbí ẹ rí i? Ṣùgbọ́n ẹ má fi òfin lé òfin o. Tí ẹ bá ti fún ìlà òkè ní gígùn, ẹ má tún fún ti ìsàlẹ̀, torí FreeCAD á ní ọ̀rọ̀ kan náà lẹ̀ ń tún sọ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní. Ní 1963, Ivan Sutherland ṣe Sketchpad fún iṣẹ́ PhD rẹ̀ ní MIT. Ó ń fi bírò oníná yàwòrán sójú ẹ̀rọ, ó sì lè pàṣẹ pé kí ìlà 2 gùn dọ́gba.

3. Ẹ sọ nọ́ńbà lórúkọ

Ẹ ṣí Spreadsheet nínú FreeCAD, kí ẹ kọ 4.5 mm sínú àpótí kan, kí ẹ sì fún un ní orúkọ (alias) "iho". Níbi tó yẹ kí ẹ tẹ ìwọ̀n ihò, ẹ kọ Spreadsheet.iho. 4.5 mm ló máa ń gba skúrù M4 wọlé láìfún. Tí oníṣẹ́ bá wá ní M5 lòun rí rà lọ́jà, ẹ yí i sí 5.5 mm. Ó parí.

4. Igun róbótó, ìgbẹ̀yìn ni

Fillet, ìyẹn yíyí etí irin sí róbótó, ẹ fi í sí ìparí. Nọ́ńbà ni FreeCAD fi ń mọ ojú àti etí: Face6, Edge3. Tí ẹ bá tún iṣẹ́ ìṣáájú ṣe, nọ́ńbà wọ̀nyẹn lè yí padà, ohun tó rọ̀ mọ́ wọn á sì já. Ẹ̀dà 1.0 tó jáde ní oṣù kọkànlá 2024 ti dín wàhálà yìí kù gan-an, àmọ́ ó ṣì dáa kí ẹ máa gbé àwòrán lé pèpéle ìpìlẹ̀ (XY, XZ, YZ) dípò ojú irin.

5. Ẹ tọ́jú orísun

FCStd ni kí ẹ máa fi pamọ́. STL tí ẹ̀rọ 3D ń tẹ̀, onígun mẹ́ta kéékèèké lásán ló kún inú rẹ̀, kò rántí òfin kankan. Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń lo sọ́fítíwià mìíràn, STEP ni kí ẹ lò. Ẹ sì máa tẹ Ctrl+S lóòrèkóòrè, iná ò sọ ọjọ́ tó máa lọ.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ fi rúlà wọn ìdérí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ilé yín, kí ẹ yà á. Nọ́ńbà mélòó lẹ nílò kó tó di àwọ̀ ewé? Ẹni tó bá lo èyí tó kéré jù ló mọ̀ ọ́n yà.