Ẹ Sọ Ọ́ Kí Wọ́n Tó Gbẹ́ Ìpìlẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́lé ní Aswani, ní Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì, mo ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé ilé tí kì í jẹ iná púpọ̀, ti àwọn olówó Lẹ́kí ni, pé lándíládì tiwa kò ní gbọ́ ọ sétí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wọ́n níbẹ̀ ni èyí tí a ń rà kún un lẹ́yìn tí ilé ti parí: sólà, bátìrì, ínfátà. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù, inú àwòrán ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ẹ wo oòrùn. Lọ́sàn-án gangan ní Èkó, àtàrí ló máa ń wà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń kọ lu ẹ̀gbẹ́ ilé. Ògiri ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn ló ń jìyà jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù. Mo mọ̀ pé ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì la sábà ń rí ní Ìsọlọ̀, títì ló sì ń pinnu ibi tí ilé máa kọjú sí. Nígbà náà, ẹ kó àtẹ̀gùn, balùwẹ̀ àti yàrá ẹrù sí apá ìwọ̀-oòrùn, kí yàrá ibùsùn kúrò níbẹ̀. Kò fi bulọ́ọ̀kù kan kún iṣẹ́.

Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, lórí òkun, ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá bá wa ní ọ̀pọ̀ oṣù. Yàrá tó ní fèrèsé kan ṣoṣo kò lè jẹ àǹfààní rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó wọlé gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Ẹ fún yàrá ní fèrèsé méjì, lára ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fèrèsé gíláàsì tí a ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn sàn jù ú lọ. Ẹ fi irin àti nẹ́ẹ̀tì sí i, kí onílé lè ṣí i sùn láìbẹ̀rù olè tàbí ẹ̀fọn.

Òrùlé ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Ibẹ̀ ni ooru ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni àṣà tuntun ti ń ba nǹkan jẹ́. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ parapet báyìí, ògiri tó ga yí òrùlé ká, tó ń bo páànù mọ́lẹ̀, tí etí páànù kò sì yọ síta mọ́ láti ṣíji bo ògiri. Inú mi kò dùn sí i rárá. Àwọn baba wa tó fi amọ̀ nínípọn kọ́ agbo ilé jẹ́ kí òrùlé sọ̀ kalẹ̀ bo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé sí Èkó gbé àjà sókè, wọ́n ṣe fèrèsé gíga. Kò sí éésì nígbà náà. Bí onílé bá ta kú pé parapet lòun fẹ́, ẹ ṣe ìbòòji kọnkéré sórí fèrèsé, ẹ lo páànù tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ dá ojú afẹ́fẹ́ sí abẹ́ rẹ̀ lápá méjèèjì, kí ẹ sì tẹ́ fóìlì sí i. Fóìlì gba owó o. Ẹ béèrè iye rẹ̀ ní ọjà Odunade kí ẹ tó bá onílé sọ̀rọ̀. Ẹ má parọ́ fún un pé ọ̀fẹ́ ni.

Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, da ilẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì ṣe bulọ́ọ̀kù, ó kọ́lé tó ń mí ní Ìbàdàn, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Golden Lion ní Venice ní 2023. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá gbé ìlànà ìlò iná nínú ilé jáde ní 2017. Ẹ kà nípa wọn dáadáa. Àmọ́ ẹ má gbé wọn lọ bá lándíládì Aswani. Owó ni kí ẹ bá a sọ.

Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná Band A, ti àwọn tó ń rí iná jù, láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí 225 fún yúníìtì kan. Ká tiẹ̀ fi 200 ṣírò. Éésì tó ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan, bí a bá ń tàn án fún wákàtí 8 lóru, yúníìtì 240 ló máa jẹ lóṣù: náírà 48,000, fún yàrá kan ṣoṣo. Fáànù wáàtì 70 kò ní jẹ tó náírà 4,000 lóṣù, bí a bá tàn án fún iye wákàtí kan náà lóru. Ilé tí fáànù tó fún ni kí ẹ tà fún lándíládì.

Á ní ayálégbé ló ń sanwó iná, kí ló kan òun? Ẹ dá a lóhùn pé ọ̀pọ̀ lándíládì àdúgbò wa ló ń bá ayálégbé gbé abẹ́ òrùlé kan náà, ooru kò sì mọ onílé yàtọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó ń ra òkírìkà lọ́jà Aswani á yí aṣọ sódì, á wo ojú ìránṣọ kó tó sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́ oníbàárà yín láti wo ilé. Ẹ mú un lọ síbi tí ẹ ti ṣiṣẹ́, ní aago méjì ọ̀sán, kó dúró ní yàrá òkè láìtan fáànù. Kó fọwọ́ kan ògiri fúnra rẹ̀.

Ẹ má dúró dìgbà tí bulọ́ọ̀kù bá dé ojú fèrèsé. Ẹ bá a sọ ọ́ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀; lẹ́yìn ìyẹn, éésì àti sólà nìkan ló kù tó lè rà.