Orí Kẹsàn-án: Iṣẹ́ Wo ni Ọmọ Yìí Fẹ́ Ṣe?

Ìbàdàn ni ètò fífi ọ̀nà iṣẹ́ han ọmọ ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1959, ní St. Theresa's College, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Òkè-Àdó, àwọn sísítà ìjọ Àgùdà tó ń tọ́jú ilé-ìwé náà rí i pé 60 ọmọ ló fẹ́ jáde. Wọ́n ránṣẹ́ sí nǹkan bí 20 ènìyàn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ láàárín ìlú, pé kí wọ́n wá ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún àwọn ọmọ. Nígbà tí àwọn ọmọ náà jáde, 54 nínú wọn ló ríṣẹ́. Àwọn tó wá sọ̀rọ̀ kò tú ká. Wọ́n di ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà sì fẹjú títí ó fi kárí Nàìjíríà.

Ohun tí wọ́n ṣe kò la owó ńlá lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wá jókòó ti ọmọ tó ń wáṣẹ́, ó là á yé e. Mo fẹ́ kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà máa ṣe irú rẹ̀, kí wọ́n sì tètè ṣe é. Ọ̀pọ̀ òbí kì í bi ọmọ léèrè iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe àfi ìgbà tó bá ṣe WAEC tán. Ó ti pẹ́ nígbà yẹn.

JSS 3 ni oríta. Ọmọ tó bá ń ti ibẹ̀ bọ́ sí SS 1 yóò yà sí sáyẹ́ǹsì, ááàtì tàbí kọmáṣà, ibi tó bá sì yà sí ni JAMB máa bá a. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni JAMB ń béèrè, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ dandan. Ẹni tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fi Biology, Chemistry àti Physics kún un. Ká ní ọmọbìnrin kan ní Lálúpọn ti ń sọ láti kékeré pé nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe, tó wá lọ jókòó sí ááàtì torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Á kàwé fún ọdún mẹ́ta, á yege, ilé-ìwé nọ́ọ̀sì kò sì ní gbà á. Àfi kó padà lọ bẹ̀rẹ̀ Physics ní lẹ́sìn. Ó ń dùn mí gan-an, torí ìbéèrè kan péré nílé ì bá ti yọ ọ́ nínú ìyà yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti lè ka káàdì èsì ìdánwò ọmọ yín báyìí. Ẹ má kọ́kọ́ wo ipò tó mú. Ẹ fi ìka tọ orúkọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ ka máàkì tó wà níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá rí Basic Science 71, Mathematics 64, Business Studies 43, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ràn nínú Basic Science. Ẹ mú káàdì tááàmù tó kọjá náà, ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí Mathematics bá já wálẹ̀, ẹ má tíì sọ pé ọmọ ò lè ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n ní tíṣà Mathematics ní tááàmù yẹn rárá.

Àwa àgbẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ wa ò ní jìyà oko bíi tiwa. Ìfẹ́ ló ń sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Akínyẹlé: láti 1967 ni IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ti wà níbẹ̀, wọ́n ń wá irúgbìn ẹ̀gẹ́ tí àrùn ò ní lè mú. Ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ lọ sóko ti mọ ewé ẹ̀gẹ́ tó ká kò, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ohun tó ń fà á ló kù kó mọ̀, Biology àti Chemistry ló sì máa kọ́ ọ. Federal College of Agriculture ní Moor Plantation ti ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀ láti 1921. Ní Àṣejíre, lápá Ẹgbẹ́dá, ẹni tó kọ́ Chemistry ló ń yẹ omi odò Ọ̀ṣun wò kó tó dé Ìbàdàn.

Ọmọ tó ń tú rédíò palẹ̀ tó sì ń tò ó padà, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba wà fún un. Ìdánwò NABTEB ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ó sì ń mú ni wọ Poli. Ní ti owó, NELFUND, àjọ ìjọba tí òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹrin 2024 dá sílẹ̀, ń yá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lówó láìsí èlé, ilé-ìwé ni wọ́n sì ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà. Ẹni tó bá ní òun máa gba owó lọ́wọ́ yín kí òun tó bá yín mú un jáde, ẹ má dá a lóhùn.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, kí ẹnì kan dìde, kó bi ọ̀gá ilé-ìwé ọjọ́ tí wọ́n máa pe àwọn oníṣẹ́ wá bá JSS 3 sọ̀rọ̀. Ó yẹ kó jẹ́ tááàmù kejì. Nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera, akọ̀wé káńsù, oníṣẹ́ iná ní ibùdókọ̀ rélùwéè Mọ́níyà, ẹ ránṣẹ́ sí wọn. Kí wọ́n sọ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe, ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọ, iye tó ná wọn, àti ibi tó ti ń le. Kí àwọn ọmọ bèèrè, kí ẹ̀yin náà jókòó sẹ́yìn, kí ẹ bèèrè pẹ̀lú wọn.