Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Asẹ́ Wa Ti Gbé Ímeèlì Oníbàárà Mì



Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa onígàrí kan ní Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ló ṣí ímeèlì fún wa lórí Gmail, kí àwọn tó ń ra gàrí àti láfún láti òkèèrè lè rí wa bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ìranù gba ibẹ̀ kan. Ẹnì kan ní opó ọ̀gágun lòun, òun fẹ́ fún wa ní mílíọ̀nù dọ́là. Báǹkì tí a ò ní àkáǹtì níbẹ̀ rárá ní àwọn ti ti àkáǹtì wa pa. Àwọn kan fẹ́ yá wa lówó láìgba ohun ìdúró. Díẹ̀ ló kù kí akápò wa tẹ ọ̀kan nínú wọn.

Ọmọ kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìyànà Ọ̀fà ló bá wa ṣe asẹ́ sí i. Ó kọ payment, urgent, bank, dollar, pounds àti transfer síbẹ̀, ó ní ímeèlì yòówù tí ọ̀kan nínú wọn bá wà nínú rẹ̀, kó pa á rẹ́. Ọkàn wa balẹ̀. Àfi bí obìnrin Yorùbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Peckham, ní London, ṣe pe alága wa lórí WhatsApp, tó ń bínú pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti kọ̀wé pé òun fẹ́ ra láfún, ẹnikẹ́ni ò dá òun lóhùn. A tú inú Spam títí, a ò rí nǹkan kan.

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ká kúkú ti ímeèlì ọ̀hún pa. Alága ní ká yọ asẹ́ kúrò, ká máa fi ojú ara wa ṣà á. Ta ló jàre? Èkejì, a gbọ́ pé ìwé tí àwa náà ń fi ránṣẹ́ máa ń bọ́ sínú Spam àwọn tí a kọ ọ́ sí. Ẹ̀kẹta, àtẹ̀jíṣẹ́ ìpàdé tí a ń sanwó fún, ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan, kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn. Ẹ gbà wá o.

Akọ̀wé, Lálúpọn

ÌDÁHÙN

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi kí akápò kú oríire.

Ká tó dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká wá ìwé obìnrin yẹn jáde, nítorí ọjọ́ ń lọ lórí rẹ̀. Inú Spam kọ́ ló wà. Asẹ́ tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó sì pàṣẹ fún pé kó pa nǹkan rẹ́, inú Trash ló ń kó o sí. Ọjọ́ 30 ni Trash ń fi tọ́jú ẹrù kí Gmail tó kó o dànù pátápátá; ọjọ́ 30 náà ni ti Spam. Bí ẹ bá sì kàn kọ orúkọ obìnrin náà síbi tí a ti ń wá nǹkan lókè, ẹ ò ní rí i, nítorí Gmail kì í yọjú sínú Trash àti Spam àfi tí a bá ní kó yọjú. Ẹ kọ in:anywhere, ẹ fi àyè kan sílẹ̀, kí ẹ wá kọ àdírẹ́sì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ọjọ́ kò bá tíì pé, yóò jáde. Ẹ gbé e padà sí Inbox.

Lórí ọ̀rọ̀ asẹ́, n kò bá àwọn àgbà lọ, n kò sì bá alága lọ. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ tajà sí London kò lè ti ilẹ̀kùn tí oníbàárà ń gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí ẹni tó ń ṣe oko lójúmọ́ wá jókòó máa ṣa pàǹtí orí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́. Ojú tó bá ti rẹ̀ ló ń tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ Ìyànà Ọ̀fà kọ síbẹ̀. Payment, bank, pounds, transfer. Ẹni tó fẹ́ ra láfún láti Peckham, èwo ni kò ní kọ nínú wọn? Oníjìbìtì kò ní èdè tirẹ̀ lọ́tọ̀, èdè ọjà ló jí lò. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ owó lé olè, oníbàárà ni yóò kọ́kọ́ sá lọ.

Àwọn ìyá tó ń sẹ́ ẹ̀gẹ́ ní abúlé yín mọ èyí jù mí lọ: bí ojú asẹ́ bá fẹ̀ jù, pàǹtí á bá gàrí wọlé, bó bá há jù, gàrí á bá pàǹtí lọ sáàtàn. Àṣìṣe méjèèjì kò sì dọ́gba. Ìranù tó bá yọ́ wọ Inbox, kí ẹ pa á rẹ́ ló kù. Ìwé oníbàárà tó bá bọ́ sọ́wọ́ asẹ́, ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wá. Bí kì í bá ṣe pé obìnrin yẹn ní nọ́ńbà alága, ìbá ti lọ rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Àwọn tó ti jókòó ti iṣẹ́ asẹ́ ímeèlì tipẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002, Paul Graham, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí a ṣe lè kápá spam. Ìṣirò tí Thomas Bayes, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi sílẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀rúndún méjì àbọ̀ sẹ́yìn ló lò. Kò ka ọ̀rọ̀ kankan léèwọ̀. Ó kó ìwé gidi tirẹ̀ jọ sọ́tùn-ún, ó kó ìranù jọ sósì, ó ní kí kọ̀ǹpútà máa ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ìwé tuntun bá dé, kọ̀ǹpútà á mú ọ̀rọ̀ 15 tó fi ara rẹ̀ hàn jù nínú rẹ̀, á wọn gbogbo wọn pọ̀. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ojúsàájú: ọ̀rọ̀ tó bá hàn nínú ìwé gidi, ìlọ́po méjì ló ń kà á. Ó ní kí ìranù díẹ̀ yọ́ wọlé sàn ju kí ìwé gidi kan sọnù. Ẹ ó sì rí i pé inú ìwé tirẹ̀ gan-an ni asẹ́ náà ti kẹ́kọ̀ọ́. Bí ọ̀rọ̀ láfún bá wà nínú ìwé kan, lọ́dọ̀ yín, ìwé rere nìyẹn; lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó lè má rí bẹ́ẹ̀.

Gmail náà ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ yín. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí Spam, tí ẹ rí ìwé gidi níbẹ̀, tí ẹ sì tẹ Report not spam, ẹ ti kọ́ ọ ní nǹkan kan. Bí ẹ kì í bá wò ó rárá, ta ni yóò kọ́ ọ?

Ewu asẹ́ tí a ṣe tí a sì gbàgbé kò mọ sí Lálúpọn. Láti ọdún 2001 ni SpamAssassin ti wà, asẹ́ ọ̀fẹ́ tí Justin Mason bẹ̀rẹ̀, tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba ímeèlì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń lò. Máàkì ló ń fún ìwé: àmì yìí gba máàkì kan, àmì yẹn gba méjì, ìwé tó bá pé 5 di spam. Ọ̀kan nínú àwọn òfin rẹ̀ ni pé ìwé tí déètì rẹ̀ bá jẹ́ ti ọdún 2010 sókè, irọ́ ló ń pa, torí pé ọdún náà ṣì jìnnà nígbà tí wọ́n kọ òfin ọ̀hún. Wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bí ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2010 ṣe dé, máàkì ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí ìwé àwọn aláìṣẹ̀ káàkiri ayé. Wọn ò ṣe nǹkan kan ju pé wọ́n kọ̀wé lọ́dún tuntun.

Ẹ jẹ́ ká wá tún tiyín ṣe. Áàpù Gmail orí fóònù kì í jẹ́ kí èèyàn ṣe asẹ́, nítorí náà ẹ wá kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ ṣí Chrome lórí fóònù, kí ẹ yan Desktop site, kí ẹ wọ mail.google.com. Ẹ tẹ Settings, lẹ́yìn náà See all settings, kí ẹ wá lọ síbi Filters and Blocked Addresses. Asẹ́ ọmọ yẹn á wà níbẹ̀. Ẹ má yọ ọ́ o. Ẹ tẹ edit, kí ẹ mú àmì kúrò lára Delete it, kí ẹ fi sára Skip the Inbox àti Apply the label. Ẹ sọ orúkọ àpótí tuntun náà ní Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò. Láti ìsinsìnyí lọ, ìwé tó bá ní ọ̀rọ̀ owó nínú á lọ dúró síbẹ̀ dè yín, kò ní kú. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ó máa wò ó, òun àti Spam, ó pẹ́ tán kí ọjọ́ 30 tó pé.

Èyí tó ṣe kókó jù ni asẹ́ kejì. Ẹ ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n lójú ibi tí wọ́n kọ From sí ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹ kọ àdírẹ́sì àwọn tí ẹ mọ̀: àwọn oníbàárà yín, báǹkì yín gan-an, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe. Ẹ fi OR sáàárín àdírẹ́sì kan àti èkejì. Nísàlẹ̀, ẹ fi àmì sí Never send it to Spam. Àdírẹ́sì látòkè délẹ̀ ni kí ẹ kọ, ẹ má ṣe kọ gmail.com nìkan, torí pé gbogbo ọmọ Yahoo ló ní Gmail.

Ẹ má sì tìtorí pé ìwé kan gba ojú asẹ́ yìí kọjá kí ẹ gbà á gbọ́. Ramon Abbas tí gbogbo wa mọ̀ sí Hushpuppi, tí ilé ẹjọ́ kan ní Los Angeles rán lẹ́wọ̀n oṣù 135 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìwé tó dà bíi pé oníbàárà gidi ló kọ ọ́ wà lára ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń jẹun. Oníbàárà bá kọ̀wé pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà, ẹ pè é. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fi pè é o, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé náà.

Ìbéèrè kejì dùn mí díẹ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ ò dá ni ẹ ń jìyà rẹ̀. Abala 419 inú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa ti di orúkọ jìbìtì kárí ayé, àwọn tó ń ṣe asẹ́ sì mọ̀ ọ́n. SpamAssassin ní òfin kan nígbà kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní NIGERIAN_BODY. Iye mílíọ̀nù dọ́là tí a kọ sínú ìwé náà ní máàkì tirẹ̀. Lọ́dún 2012, Cormac Herley tó ń ṣe ìwádìí ní Microsoft béèrè ohun kan: kí ló dé tí àwọn oníjìbìtì fi ń sọ pé Nàìjíríà làwọn ti ń kọ̀wé, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ ìtàn náà? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Ìwé ò ná wọn ní nǹkan kan, àmọ́ ẹni tó bá dáhùn ń gba àkókò wọn. Ọlọ́gbọ́n tó dáhùn tí kò sanwó nígbẹ̀yìn, àdánù ni fún wọn. Nítorí náà wọ́n á pa irọ́ tó hàn kedere, kí ọlọ́gbọ́n rẹ́rìn-ín kó sì kọjá, kó lè ku ẹni tó máa gbà gbọ́ dópin. Àwọn náà ní asẹ́ tiwọn, orúkọ orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n fi hun ún.

Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ jẹ́ kí ìwé yín yàtọ̀ sí tiwọn. Ẹ pe ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí lórúkọ, kí ẹ fi Dear Sir/Ma sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àkọlé sọ ohun tó wà nínú rẹ̀: láfún, iye àpò, oṣù tí yóò jáde. Ẹ má fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo àkọlé. Bí oníbàárà bá ti kọ̀wé sí yín rí, orí ìwé rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti fèsì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ìwé àkọ́kọ́ bá lọ tán, ẹ tẹ WhatsApp sí i pé kó wo Spam rẹ̀, kó sì fi àdírẹ́sì yín sínú Contacts rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí igba èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ ra orúkọ tiyín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára, àmọ́ láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti ń béèrè pé kí gbogbo afìwéránṣẹ́ ní SPF tàbí DKIM, kí àwọn tó ń fi ìwé púpọ̀ ránṣẹ́ (5,000 lójúmọ́ ni òdiwọ̀n Google) ní méjèèjì pẹ̀lú DMARC. SPF ń sọ kọ̀ǹpútà tó láṣẹ láti fi ìwé ránṣẹ́ lórúkọ yín, DKIM ń tẹ òǹtẹ̀ sí i, DMARC ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún èyí tó bá kùnà nínú méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ ta orúkọ fún yín tí kò lè ṣe mẹ́ta yìí, ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tí ẹ ṣì wà lórí Gmail, Google ló ń ṣe é fún yín.

Ti àtẹ̀jíṣẹ́ ìpàdé, mo fura pé àwọn tí kì í dé ọ̀dọ̀ wọn ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Láti ọdún 2016 ni NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, ti pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù bọ̀wọ̀ fún nọ́ńbà náà, kí ìpolówó má bàa máa yọ aráàlú lẹ́nu. Ó gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ jù: àtẹ̀jíṣẹ́ tí a sanwó kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìpolówó ló ń kà á sí. Ẹni tó bá fi HELP ránṣẹ́ sí 2442 lè yan èyí tó fẹ́ máa gbà, ti báǹkì, ti ẹ̀kọ́, ti ìlera, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀, kí ẹ máa fi ti ìpàdé ránṣẹ́ sí wọn láti orí fóònù ti akọ̀wé fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. 2442 kì í dí ìyẹn lọ́nà.