Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Àwọn Ilé Àtijọ́ ní Ìlú Èkó

Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti wo sinimá rí? Lóde òní, a lè jókòó sínú ilé wa kí a máa wo eré nínú tẹlifíṣọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará Èkó. Inú gbọ̀ngàn Glover ni wọ́n ti ṣe é. Inú gbọ̀ngàn yìí kan náà ni Hubert Ogunde ti ṣe eré orí ìtàgé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1944.

Nígbà tí ó yá, ilé sinimá pọ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí fídíò dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lọ síbẹ̀ mọ́. Òmíràn di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn sì di ilé ìkẹ́rùsí.

Àwọn ilé àtijọ́ mìíràn tún wà ní Èkó. Àwọn Àgùdà ni ó kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ta ni Àgùdà? Àwọn ni a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bùràsílì, tí àwọn àti àwọn ọmọ wọn sì padà wá sílé. Wọ́n mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà dáadáa. Àgùdà ni João Baptista da Costa tí ó kọ́ mọ́sálásí Shitta-Bey. Wọ́n ṣí mọ́sálásí náà ní ọdún 1894. Títí di òní, wọ́n ń kírun níbẹ̀.

Ilé Ìlọ́jọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ gbàgede Tinúubú. Ní ọdún 1956, ìjọba kà á mọ́ àwọn ilé àjogúnbá tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó. Síbẹ̀, wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ilé tí ó lo ọdún mọ́kànlélọ́gọ́jọ di òkìtì àlàpà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kò rí i pé òfin nìkan kò tó? Àwọn ará ìlú ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ilé àtijọ́, kí wọ́n sì máa tún un ṣe. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá nìkan ni ó kù fún yín nípa Ilé Ìlọ́jọ. Ẹ má jẹ́ kí ilé àtijọ́ ìlú tiyín náà di àrọ́bá.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀
gbọ̀ngàn: ilé ńlá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń péjọ sí
àjogúnbá: ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa
àlàpà: ara ilé tí ó ti wó

Ìdánrawò
1. Níbo ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Èkó?
2. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lọ sí ilé sinimá mọ́?
3. Iṣẹ́ wo ni àwọn Àgùdà mọ̀ dáadáa?
4. Ilé wo ni ó pẹ́ jù ní ìlú yín? Ẹ bi àwọn òbí yín ta ni ó kọ́ ọ.